Omi Tó Ń Gba Ẹnu Ọ̀nà Maourey Kọjá

Ní oṣù Kẹrin, kí oòrùn tó mú, ọmọlanke àwọn ga-ruwa ti ń dún kiri àdúgbò Maourey ní Niamey, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Niger. Kẹ́ẹ̀gì bíi mẹ́wàá ló máa ń wà lórí ọmọlanke kan, omi inú ọ̀kọ̀ọ̀kan sì tó 20 lítà tàbí kó lé díẹ̀. Ìpolówó ọjà wọn ló di orúkọ wọn: "ga ruwa" lédè Haúsá ni "omi rèé". Oṣù yìí ni ooru ìlú náà máa ń le jù lọ, tí ọ̀sán á gbóná kọjá 40 lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Ẹni tí ẹ̀rọ omi ilé rẹ̀ bá gbẹ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ kì í dúnàádúrà pẹ́.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ojú ọ̀nà kan náà kò ṣeé rìn. Òjò rọ̀ mọ́jú, àgbàrá wọ agboolé, ó ń jẹ ìdí ògiri amọ̀. Omi tí ìyá ọmọ fi owó rà ní oṣù Kẹrin ló ń ṣàn kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ yìí, tó ń wá ọ̀nà lọ sí àfonífojì Gounti Yéna tó la àárín ìlú kọjá, láti ibẹ̀ sínú Odò Ọya. Ẹni tó gbé garawa sí i kò pọ̀.

Àwọn Yorùbá tó ń ṣòwò ní Niamey láti ọjọ́ pípẹ́ mọ ìran méjèèjì yìí dáadáa. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tíì jókòó ṣírò ni bí omi tó ń lọ yẹn ti pọ̀ tó, àti ohun tí yóò ná ilé kan láti dá díẹ̀ dúró nínú rẹ̀. Bí a bá ṣírò rẹ̀, a ó rí i pé òjò Niamey tó ilé kan mu. Ibi tí omi náà yóò wọ̀ sí ló kù.

Maourey wà lára àwọn àdúgbò tó pẹ́ jù ní ìlú náà, òun àti Kalley àti Gaweye. Orúkọ rẹ̀ tọ́ka sí àwọn Mawri, ẹ̀yà tó ń sọ Haúsá ní apá Dogondoutchi. Nígbà tí àwọn Faransé gbé olú-ìlú kúrò ní Zinder wá sí Niamey ní 1926, ìlú kékeré létí odò ni. Ìkànìyàn ọdún 2012 bá ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan níbẹ̀. Odò kan náà ni gbogbo wọn ń mu. Láti inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń fa omi tí wọ́n ń sẹ́ ní Goudel kó tó gba inú páìpù lọ sí ilé onílé.

Odò yẹn sì ti já ìlú náà kulẹ̀ rí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1985, lẹ́yìn ọ̀dá tó mú gbogbo Sahel, agbègbè etí aṣálẹ̀ Sàhárà, Odò Ọya dáwọ́ ṣíṣàn dúró ní Niamey. Odò tó la orílẹ̀-èdè púpọ̀ kọjá, tí àwa Yorùbá fi orúkọ aya Ṣàngó pè, di yanrìn àti adágún omi kéékèèké lójú àwọn tí wọ́n bí sí etí rẹ̀. Ní 2020 ẹ̀wẹ̀, odò kan náà kún bo bèbè, ó wọ Lamordé, Karadjé, Kirkissoye àti Saga, ó lé àwọn ènìyàn kúrò nílé. Lọ́dún 2023, lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba ní oṣù Keje, Nàìjíríà gé iná mànàmáná tó ń fún Niger. Iná ni ẹ̀rọ omi ń lò, ẹnikẹ́ni tó bá sì ti gbé ìlú tí iná rẹ̀ ń ṣe ségesège mọ ohun tí ìyẹn ń ṣe sí omi. Kò dára kí ilé kan fi gbogbo ẹ̀mí rẹ̀ lé ẹnu ẹ̀rọ kan ṣoṣo.

Ẹlòmíràn lè ní kí wọ́n gbẹ́ kànga. Ìtàn ilẹ̀ agbègbè Niamey yani lẹ́nu lórí èyí. Àwọn onímọ̀ tó ń wọn omi abẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ rí i pé láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù ní nǹkan bíi 1970, omi kànga ń gòkè dípò kó lọ sílẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn àgbẹ̀ ti gé igbó, ojú ilẹ̀ ti le bí àwo, òjò kò rí ibi wọ̀ mọ́. Ó wá ń ṣàn, ó ń dá rọ́gọ́dọ́ sí àwọn kòtò, ibẹ̀ ló sì ti ń rọra wọlé lọ bá omi ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín ìlú, níbi tí agboolé sún mọ́ra tí ilé kọ̀ọ̀kan sì ní ṣáláńgá tirẹ̀, omi kànga tí kò jìn kì í ṣe ohun tí a lè fi ọkàn tán fún ọmọ ọwọ́. Èyí tó ń bọ̀ láti ojú ọ̀run kò tíì bá ṣáláńgá ẹnikẹ́ni pàdé.

Báwo ni òjò náà ti pọ̀ tó? Ní ìpíndọ́gba, Niamey ń rí nǹkan bíi 540 mìlímítà lọ́dún. Ìbàdàn ń rí ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ, nítorí náà ó rọrùn fún ará Ìbàdàn láti sọ pé aṣálẹ̀ ni Niamey. Ṣùgbọ́n ìlú Tucson ní Arizona, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kò rí ju nǹkan bí ìdajì òjò Niamey lọ, síbẹ̀ àwọn ará ibẹ̀ ń gbà á sínú tánkì, wọ́n sì ń darí rẹ̀ láti ojú títì sí ìdí igi. Ọ̀kan nínú àwọn tó tan ìmọ̀ yìí kálẹ̀ níbẹ̀ ni Brad Lancaster. Ọ̀dọ̀ ọmọ Áfíríkà ló ti kọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀: ní 1995 ó lọ bá Zephaniah Phiri Maseko ní Zvishavane, orílẹ̀-èdè Zimbabwe. Ìjọba aláwọ̀ funfun ti lé Phiri kúrò níṣẹ́ rélùwéè ní àwọn ọdún 1960 nítorí ìṣèlú. Ilẹ̀ gbígbẹ ló kù fún un láti fi bọ́ ẹbí rẹ̀. Ó jókòó, ó wo ibi tí àgbàrá ń gbà, ó to òkúta, ó gbẹ́ kòtò, títí ilẹ̀ náà fi di ọgbà. Ó kú ní 2015. Òjò tó fi ṣe gbogbo èyí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti Niamey lọ.

Ní Niger fúnra rẹ̀, àwọn àgbẹ̀ kò dákẹ́. Ní 1989, àwọn àgbẹ̀ mélòó kan láti Illéla, ní apá Tahoua, rìnrìn àjò lọ sí Yatenga ní Burkina Faso láti wo bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ kòtò kéékèèké sójú ilẹ̀ líle kí òjò lè dúró sí ìdí ọkà. Nígbà tí wọ́n padà délé, wọ́n gbìyànjú rẹ̀ lórí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ mọ́. Tassa ni wọ́n ń pè é lédè Haúsá. Ohun tí oko ti mọ̀ láti ọjọ́ yẹn, ó yẹ kí ilé ìlú náà mọ̀ ọ́n.

Ìṣirò ilé kò le rárá. Bí òjò mìlímítà kan bá rọ̀ sórí òrùlé tó jẹ́ mítà kan níbùú àti mítà kan lóròó, lítà omi kan ni. Ẹ jẹ́ ká mú ilé páànù kan tó gùn ní mítà 8, tó sì fẹ̀ ní mítà 5. Òrùlé rẹ̀ jẹ́ 40 mítà níbùú lóròó. Òjò ọdún kan lórí rẹ̀ jẹ́ 21,600 lítà. Oòrùn á mu díẹ̀, díẹ̀ á ta sílẹ̀, a ó sì mọ̀ọ́mọ̀ da díẹ̀ nù. Bí a bá yọ ìdá kan nínú márùn-ún, ó ku nǹkan bíi 17,000 lítà. Bí ènìyàn mẹ́jọ bá ń gbé ilé náà, tí omi mímu àti omi ìdáná wọn jẹ́ lítà 5 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóòjọ́, 40 lítà ni wọ́n ń lò lójúmọ́. Omi òrùlé kékeré yẹn tó wọn mu, ó tó wọn sè, fún ju ọdún kan lọ.

Àmọ́ òjò kì í rọ̀ lójoojúmọ́. Ibi tí ìṣòro wà gan-an nìyí. Láàárín oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án ni èyí tó pọ̀ jù nínú òjò Niamey máa ń rọ̀, oṣù Kẹjọ nìkan sì ń kó tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Ó máa ń dé pẹ̀lú ìjì, á rọ̀ bí ẹni tú u láti inú agbada, á sì dá. Lẹ́yìn náà, oṣù mẹ́jọ á kọjá. Oṣù mẹ́jọ ní 40 lítà lójúmọ́ jẹ́ nǹkan bíi 9,700 lítà, bí àgbá 200 lítà mọ́kàndínláàádọ́ta. Kò sí agboolé ní Maourey tó ní àyè fún àgbá mọ́kàndínláàádọ́ta. Tánkì símẹ́ǹtì tó gba 10,000 lítà ló lè ṣe é, yálà lábẹ́ ilẹ̀ tàbí lórí ilẹ̀, owó rẹ̀ sì wúwo fún ẹni tó ń ra omi ní kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan.

Ṣé kí ẹni tí kò ní owó tánkì ńlá wá fi ọwọ́ lérán? Rárá o. Tánkì kékeré tó gba 1,000 lítà ń ṣe ju bí ó ti rí lọ, nítorí pé òjò ń kún un lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ń lò ó, òjò ń tún un kún. Òjò alágbára kan tó jẹ́ 30 mìlímítà lórí òrùlé wa yẹn yóò dá 960 lítà sínú rẹ̀. Òjò kan ṣoṣo fẹ́rẹ̀ẹ́ kún un. Láti ìgbà tí òjò bá ti múlẹ̀ ní oṣù Keje títí di ìparí oṣù Kẹsàn-án, ilé bẹ́ẹ̀ lè má fi kọ́bọ̀ ra omi mímu. Lẹ́yìn náà, èyí tó kù nínú tánkì lè gbé wọn fún ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sí i.

Yorùbá kò ṣàjèjì sí iṣẹ́ yìí. A ní orúkọ fún omi tó ń dà láti etí òrùlé, ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, kò sì sí ìyá àgbà kan láyé àtijọ́ tí kì í gbé ìkòkò sí i. Wọ́n mọ̀ pé omi òjò máa ń hó ọṣẹ ju omi kànga lọ. Ní Ilé-Ifẹ̀, ilé àwọn ará ìṣáájú yí àgbàlá ká, òrùlé da omi sí àárín, wọ́n sì fi àpáàdì tẹ́ ilẹ̀ kí òjò má baà sọ ọ́ di ẹrẹ̀. Nígbà tí awalẹ̀pìtàn Frank Willett wa ilẹ̀ ní Ìta Yemòó ní ìparí àwọn ọdún 1950, ó bá irú ilẹ̀ àpáàdì bẹ́ẹ̀ tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Ìtàn Ifẹ̀ so iṣẹ́ náà mọ́ Lúwòó, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni.

Ohun kan wà tí ọmọ Yorùbá ní Niamey gbọ́dọ̀ yí èrò rẹ̀ padà lé lórí. Lọ́dọ̀ wa, omi àkọ́rọ̀ òjò níyì. Àwọn àgbà ń gbà á pamọ́ fún àgbo. Lórí páànù Maourey, omi àkọ́rọ̀ ni omi tó dọ̀tí jù lọ lọ́dún. Oṣù mẹ́jọ ni eruku ọyẹ́, ìgbẹ́ ẹyẹ àti ewé dóńgóyárò ti fi jókòó lórí òrùlé. Ṣáájú òjò pàápàá, ìjì eruku pupa a máa yọ bí ògiri. Ti 4 oṣù Karùn-ún ọdún 2020 mú kí gbogbo ojú ọ̀run Niamey pọ́n, ó sì sọ ọ̀sán di òru. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni mu òjò tó kọ́kọ́ fọ irú eruku bẹ́ẹ̀. Àní láàárín àkókò òjò, bí ọjọ́ mélòó kan bá ti kọjá láìsí òjò, kí wọ́n jẹ́ kí mìlímítà méjì àkọ́kọ́ ṣàn dànù: lórí òrùlé 40 mítà níbùú lóròó, kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin nìyẹn. Kò ní ṣòfò. Ẹ fi fọ ilẹ̀, tàbí kí ẹ dà á sí ìdí igi móríńgà, èyí tí wọ́n ń fi ewé rẹ̀ àti kúlíkúlí ṣe kopto ní Niger.

Ohun èlò rẹ̀ kò ju báyìí lọ: páànù tí oníṣẹ́ páànù tẹ̀ bí ọpọ́n tóóró sí etí òrùlé, kó dà díẹ̀ sí apá kan, páìpù tó sọ̀ kalẹ̀ láti ibẹ̀, asẹ́ lẹ́nu tánkì, ìdérí tó pa mọ́ra, àti ẹnu ẹ̀rọ nísàlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má ti igbá tàbí ọwọ́ bọ inú omi. Ìdérí yẹn ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀. Oòrùn Niamey lágbára láti fa omi tó ju mítà méjì jíjìn lọ kúrò nínú adágún gbangba láàárín ọdún kan. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àgbá tí a kò dé ní àkókò òjò di ilé ẹ̀fọn, ibà sì ti ń pa ọmọdé tó ní Niger láìjẹ́ pé a tún bí ẹ̀fọn sínú agboolé. Bí ihò kan bá wà tí a kò lè dí, kí wọ́n na nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bò ó.

Ọ̀rọ̀ ògiri tún wà. Yorùbá ní àgbàrá òjò kò ní òun ò ní ilé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Ní Niger, ilé amọ̀ tó ń wó lu àwọn tó ń sùn wà lára ohun tó ń pa ènìyàn jù nígbà òjò. Tánkì 1,000 lítà tó kún wúwo tó tọ́ọ̀nù kan. Ẹ má gbé e sórí òrùlé amọ̀, ẹ má sì fi í ti ògiri àtijọ́ lórí ilẹ̀ rírọ̀. Ẹ tẹ́ símẹ́ǹtì tàbí òkúta sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fa páìpù tí yóò gbé omi àkúnya jìnnà sí ìdí ilé. Bí a bá ṣe é dáadáa, gbígba omi òrùlé ń dáàbò bo ògiri, nítorí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ tí ì bá máa gbẹ́ ìdí rẹ̀ ti wọ inú tánkì. Fún ilé tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ amọ̀ pẹrẹsẹ, tó ṣì wà ní Maourey, omi rẹ̀ kò ṣeé mu. Kí wọ́n fi ṣe nǹkan mìíràn.

Ṣé ó ṣeé mu bí ó ti wà láti orí páànù? Ó dára kí wọ́n sè é, tàbí kí wọ́n fi oògùn omi sí i bí ìwé ara rẹ̀ ṣe wí. Oòrùn tó ń dá ènìyàn lágara níbẹ̀ náà wúlò: bí omi tó mọ́ gaara bá wà nínú ìgò ọ̀rá tó mọ́ gaara, kí wọ́n tẹ́ ẹ sí oòrùn fún wákàtí mẹ́fà, tàbí ọjọ́ méjì bí ojú ọjọ́ bá ṣú, ìtànṣán oòrùn yóò pa kòkòrò inú rẹ̀. Kò gba igi ìdáná, kò gba kọ́bọ̀.

Ìyókù ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ ìjọba àti àwọn tó ń ṣe ìrànlọ́wọ́, nítorí tánkì ńlá ju agbára tálákà lọ. Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ Niamey jù wà ní àríwá-ìlà-oòrùn Brazil, níbi tí ọ̀dá ti ń lé ènìyàn kúrò nílé láti ayébáyé, tí ọ̀gbẹlẹ̀ sì ń tó oṣù mẹ́jọ. Ní 2003, àwọn ẹgbẹ́ ará ìlú tó para pọ̀ lábẹ́ orúkọ ASA bẹ̀rẹ̀ ètò láti kọ́ mílíọ̀nù kan tánkì símẹ́ǹtì, ìjọba sì fi owó tì í. Tánkì kọ̀ọ̀kan gba 16,000 lítà, wọ́n wọ̀n ọ́n fún omi mímu àti ìdáná ẹbí kan títí òjò mìíràn yóò fi dé. Wọn kò kó agbaṣẹ́ṣe wá láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn ará abúlé ni wọ́n kọ́ ní iṣẹ́ bíríkìlà, obìnrin sì wà nínú wọn, àwọn náà ló ń kọ́ ọ. Lónìí, wọ́n ti kọjá mílíọ̀nù kan náà. Ní Bermuda, erékùṣù tí kò ní odò kankan, òfin ló ní kí ilé gba omi òjò láti orí òrùlé rẹ̀.

Ẹni tó bá ka èyí ní Niamey, ní Sókótó tàbí ní Kano, kó má dúró de ìjọba kó tó wo òrùlé rẹ̀. Oṣù Kẹta àti Kẹrin ni àkókò rẹ̀, kí ìjì tó dé, nígbà tí ọwọ́ oníṣẹ́ páànù ṣì dilẹ̀. Ẹ wọn gígùn òrùlé yín àti ìbú rẹ̀, ẹ fi òjò ìlú yín ṣírò rẹ̀, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti apá kan ilé pẹ̀lú àgbá kan tó ní ìdérí. Òjò oṣù Kẹjọ nìkan lórí òrùlé 40 mítà níbùú lóròó ní Maourey ju omi ọmọlanke ga-ruwa mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ.